Ọjọ́ Tí Ọká Ṣán Bólú ní Èdè Jàpáànù

"Ìyá Bólú! Ìyá Bólú ò! Ọká ti sán Bólú!"

Lazarus ọlọ́kadà ló ń ké bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà Ìyànà Ọ̀fà. Mo jókòó ti òkìrìkà ọmọdé tí mò ń tà, mò ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé ẹ̀kọ́ àgbà lórí orúnkún mi.

Bírò já bọ́. Ìwé já bọ́. Èmi náà já bọ́.

"Kí lo wí?"

"Ọká! Lẹ́sẹ̀! Ẹsẹ̀ ti wú bí isu!"

Ẹ má rò pé mi ò mọ̀wé kọ o. Àwa ará Ìbàdàn, ẹnu wa kì í pe "ṣ". Isu là ń gbìn, isu là ń gún níyán. Tísà wa ní ẹ̀kọ́ àgbà ti fi bírò pupa fi àmì sábẹ́ "s" mi títí ọwọ́ fi ro ó. Kí ejò ṣán èèyàn, kí ejò sán èèyàn, ọ̀kan náà ni lẹ́nu wa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé àyà tèmi kì í ṣe àyà gidi. Bí Bólú bá sín lẹ́ẹ̀kan, mo ti fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Bó bá sín lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wa lọ sọ́sibítù. Òun nìkan ni mo bí, ìgbà tí mo sì bí i, ọmọdé lèmi gan-an. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń já láyà nítorí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀, orí ikọ́ àti orí-fífọ́ ni. Ejò wá ni? Ọká?

Mo fò sẹ́yìn ọ̀kadà. Vùùùùù!

A ti sáré dé ìdí ọ̀pẹ tó wà níwájú kí Lazarus tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Bólú, ẹ̀yìn lẹ kọjú sí o!"

Lóòótọ́ ni. Èmi àti Lazarus ti fẹ̀yìn ti ara wa bí orogún méjì. Ọjà ni mò ń wò bó ṣe ń sá lọ.

"Kò sáyè àtiyí! Máa lọ! Sé ó sì ń mí?"

"Ó ń mí. Sùgbọ́n ó ti ń fọ èdè."

"Èdè wo?"

"Èdè tẹ́nì kan ò gbọ́ rí. Bàbá Ògúntádé ní oró ti gun ahọ́n. Wọ́n ní tó bá kúrò láhọ́n, ọpọlọ ló kàn."

Mo figbe ta. Àwọn ewúrẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà figbe ta. Lazarus pàápàá figbe ta, kò mọ ìdí.

Kí n tó délé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an. Kaothar, ọ̀rẹ́ Bólú, ló rò ó fún mi lẹ́yìn náà, ó sì ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń rò ó.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi níléèwé, Bólú lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi Morónikẹ́ ní Àjíbọ́dé. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún ilé tí Morónikẹ́ ń gbé, ọ̀kan nínú wọn sì ní kàtúùnù àwọn ará Jàpáànù, ó kún inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọ mi lọ ní Yorùbá, ó bọ̀ ní Jàpáànù.

Kì í kúnlẹ̀ kí èèyàn mọ́. Á dúró ṣánṣán, á wá ká lulẹ̀ láti ìbàdí bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́.

"Sé ẹ̀yìn ló ń dùn ẹ́ ni?" Bàbá Ògúntádé bi í.

Ó fi igi ìgbálẹ̀ méjì jẹ indómì. Mo ní ó dáa. Ó fi jẹ ẹ̀wà, ó ń mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun. Mo ní kò burú. Ó wá ní òun á fi jẹ ẹ̀bà. Òkèlè àkọ́kọ́ já bọ́. Èkejì já bọ́. Ẹ̀kẹta, ajá ti lanu sílẹ̀ dè é.

Bàtà ńkọ́? Kó tó wọlé, á ti bọ́ ọ, á tò ó jẹ́jẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn wá dùn mọ́ Ìyá Àdúrà Dorothy, àgbà nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí àwọn náà kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Wọ́n ní, "Ẹ̀mí ti ń pe ọmọ yìí. Ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ mímọ́ lòun dúró lé."

Bó bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á ní, "Arígàtó!"

"Gàrí tó?" mo dá a lóhùn. "Gàrí wo ló tó? Ó ku kóńgò kan soso nínú àpò."

Kaothar náà kó o. Àrùn náà máa ń ràn.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, bí mo ṣe gba ọjà lọ báyìí, àwọn méjèèjì ṣe ìlérí. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ máa fi ṣú, èdè Jàpáànù nìkan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu sọ Yorùbá ni yóò máa fọ yúnifọ́ọ̀mù èkejì fún odindi tọ́ọ̀mù kan. Funfun ni yúnifọ́ọ̀mù wọn. Pupa ni erùpẹ̀ Lágelú. Ìyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Gbogbo ọ̀rọ̀ Jàpáànù tí àwọn méjèèjì sì gbọ́, kò ju mẹ́tàlá lọ.

Bólú ti kan bàtà onípákó kan, irú èyí tó rí nínú kàtúùnù: pákó pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ rẹ̀ bí àpótí ìjókòó. Kò rí awọ tó máa fi dè é. Ló bá gé rọ́bà túùbù ọ̀kadà, ó fi wé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó dì í pa. Ni wọ́n bá gba ẹ̀yìn ilé bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́.

Kò-kó. Kò-kó. Kò-kó.

Gbàgà!

Ẹsẹ̀ kan wà nínú poro, ẹsẹ̀ kejì wà lórí ebè. Bàtà yí sọ́tùn-ún, rọ́bà fún ọrùn ẹsẹ̀ pinpin, ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Ta ló ṣubú rí tí kò ké pe ìyá rẹ̀? Ọmọ mi lanu. Àmọ́ òkìtì yúnifọ́ọ̀mù Kaothar fara hàn níwájú rẹ̀ bí òkè. Ló bá fi orúkọ tó ti ń pè mí nínú ilé láti ọ̀sẹ̀ méjì ké, bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń pe ìyá wọn:

"Okáàsán! Okáàsán òòò!"

Ẹni tó wà lóko kejì kì í gbọ́ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọká sán ni gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni Bàbá Ògúntádé. Ọdẹ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń sọ fún gbogbo Abà Elékùrọ́ tí à ń gbé pé àwọn mọ ẹ̀rọ̀ oró ejò. Ọgbọ̀n ọdún gbáko, ejò kan kò bá wọn ṣe é: kò ṣán ẹnikẹ́ni. Kaothar tó sáré lọ pè wọ́n ní inú wọn dùn débi pé wọ́n gbé fìlà kọ́ orúnkún.

"Níbo ló ti sán an?"

Kaothar kò lè sọ Yorùbá. Ó fọwọ́ kan ọrùn ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó wá fi ìka yí i po, yí i po, yí i po, kí Bàbá lè mọ̀ pé rọ́bà ló wé mọ́ ọn.

"Yéè! Ó tún wé mọ́ ọn? Ọká ńlá ni!"

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ Bólú, tí wọ́n rí rọ́bà, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ọmọ ọlọ́gbọ́n! Ó ti fi rọ́bà dínà oró. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u o!"

Rọ́bà náà ló kúkú ń pa á lára!

"Ìtáì! Ìtáì!" Bólú ń ké. Ó ń dùn mí ló ń wí.

"Ó ní ìta. Ẹ gbé e lọ síta."

"Bàbá, inú oko la wà," ni ẹnì kan wí. "Ìta wo ló tún kù?"

"Ìta ilé wọn!"

Wọ́n gbé e. Ọkùnrin mẹ́rin. Ọ̀kan di ẹsẹ̀ tó wú mú, ẹsẹ̀ náà gan-an.

Ọmọ mi wá rántí ọ̀rọ̀ mìíràn nínú mẹ́tàlá, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé kò séwu. "Dáíjóòbù!" ló wí. "Dáíjóòbù! Dáíjóòbù!"

Bàbá Ògúntádé dúró láàárín ọ̀nà. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú wọn.

"Ẹ gbọ́ ohun tó wí! Ó ní ká jó o, ká bù ú! Oró ti gun ahọ́n, síbẹ̀ ọmọ yìí ń júwe ìtọ́jú. Ẹ wá abẹ!"

Wọ́n rí abẹ. Wọ́n ní kí Lazarus lọ pè mí kí abẹ tó ṣiṣẹ́.

Èmi rèé, mo dé. Ọ̀kadà kò tíì dúró tán tí mo ti bọ́ sílẹ̀. Nítorí pé ẹ̀yìn ni mo kọjú sí, ọ̀nà ọjà ni mo kọ́kọ́ sá gbà. Wọ́n ní láti pè mí padà.

Bólú wà lórí ẹní níwájú ilé wa. Wọ́n ti da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo wà lágbọ̀n, epo wà létí, epo wà nínú irun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wú lóòótọ́. Ìyá Àdúrà Dorothy ń lu agogo sí i lórí, gógógógógó, ike omi àdúrà wà lábẹ́ abíyá wọn. Kaothar dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó pa ẹnu mọ́ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Bàbá Ògúntádé sì lósòó ti ẹsẹ̀ náà, abẹ lọ́wọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran.

"Mi ò rójú eyín," ni wọ́n wí. "Ọká yìí gbọ́n. Ibi tó bá wù mí ni n óò kúkú là."

Abẹ gòkè.

Bólú yíjú. Ó rí mi.

"Okáàsán!"

Yéèèpà!

"Ó tún ti padà dé o!"

Gìrì! Gìrìgìrì! Ilẹ̀ ṣófo. Ẹni tó gun bẹ́ǹṣì gun bẹ́ǹṣì. Ẹni tó wọ yàrá wa ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Lazarus ti wà lórí ọ̀kadà, ó ń ro bí yóò ṣe fò dé orí òrùlé. Ìyá Àdúrà Dorothy, tí orúnkún ń dùn wọ́n láti ọdún èṣí, orí odó ni mo bá wọn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, bí lékeléke.

"Níbo ló wà?"

"Ẹ̀yìn Ìyá Bólú ni ọmọ náà ń wò!"

Ẹ̀yìn mi?

Mo yí padà. Mi ò rí i. Mo tún yí. Ó tún ti bọ́ sẹ́yìn mi. Mo yí, mo yí, mo yí bí òòyì, ìró já bọ́, mo ń fi gèlè lu ilẹ̀, pá! pá! pá!

"Okáàsán, dáíjóòbù!" Bólú ń ké.

Mo dúró.

Kí ló pè mí yẹn?

Mo wo ẹnu ọmọ mi. Mo wo bàtà onípákó tó so rọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo wo rọ́bà. Orúkọ tó ń pè mí láti ọ̀sẹ̀ méjì bá bọ́ sí mi lórí, gbì, bí àgbọn láti òkè.

Ẹ̀rín gbé mi ṣánlẹ̀. Mo yí gbirigbiri nínú erùpẹ̀.

"Ẹ wò ó," ni wọ́n ń wí lórí bẹ́ǹṣì. "Ìbànújẹ́ ti yí i lórí."

"Kò séjò!" mo ní, mi ò lè mí dáadáa. "Kò séjò rárá! Èmi ni! Èmi ni okáàsán!"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ mi.

Ìyá Àdúrà sọ̀kalẹ̀ lórí odó díẹ̀díẹ̀. "Kí lo wí?"

"Mo ní èmi ni okáàsán! Láti ọjọ́ tí mo ti bí i!"

"Ìwọ lọ́ká? Ìwọ lo sán an?"

"Ẹ̀yin Ìyá Àdúrà, ẹ gbọ́ mi yé..."

"Ó jẹ́wọ́!" Agogo gba igbe. Gógógógógó! "Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ó jẹ́wọ́! Láti ọjọ́ tó ti bímọ náà ló ti ń sán an!"

"Abájọ," ni ẹnì kan wí. "Abájọ tọ́mọ náà fi rí pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ẹ̀rín ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ẹ̀rín ti gbẹ mọ́ mi léyín. Obìnrin méjì ti di apá mi mú, ọwọ́ wọn sì le bí ọwọ́ ẹni tó ń fún gàrí.

Mo rò pé bí mo bá ṣe àlàyé dáadáa, yóò yé wọn. Mo fara balẹ̀. Mo lo ohùn tí tísà wa máa ń lò.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́. Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo ìyá ni okáàsán. Gbogbo obìnrin tó bá ti bímọ. Ìyá Àdúrà, ẹ̀yin gan-an, okáàsán ni yín."

Agogo dákẹ́.

"Háà," ni Bàbá Ògúntádé wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ó ti ń dárúkọ ẹgbẹ́."

Gbogbo ẹni tó dúró ti Ìyá Àdúrà sún kúrò.

"Èmi kẹ̀?" Ìyá Àdúrà wò yíká. "Èmi Dorothy? Lórúkọ Jésù! Mi ò sán ẹnikẹ́ni rí!"

"Ẹ dúró síbẹ̀ ná, Ìyá Àdúrà," ni Bàbá wí, wọ́n sì na abẹ sí wọn. "Ẹ kọ́kọ́ gbé agogo sílẹ̀."

"Bàbá Ògúntádé, sé èmi lẹ ń na abẹ sí?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó mú un. Eléyìí ló jẹ́wọ́, eléyìí la ó fi bẹ̀rẹ̀." Wọ́n yíjú sí mi. Ìdùnnú hàn lójú wọn bíi tọmọ tí wọ́n fún ní ẹran. "Ó tiẹ̀ ti rọrùn wàyí. Tó bá jẹ́ èèyàn ló sán èèyàn, ara ẹni náà ni ẹ̀rọ̀ wà. Á mu ìyókù epo yẹn, a ó sì gé nínú irun orí ẹ̀ fi di ẹsẹ̀ ọmọ náà."

Ìyókù epo náà ju ìdajì ìgò lọ. Irun mi, Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í.

"Bólú!" mo ké. "Bólúwatifẹ́! Sọ fún wọn!"

Ọmọ mi wò mí. Ó wo abẹ. Ó wo Kaothar.

Kaothar kàn ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fọ kọ́là yúnifọ́ọ̀mù.

Ẹ sì wá gbọ́ o: ọmọ tí mo gbé sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ tí n kì í sùn bó bá ń wúkọ́, ó ń rò ó! Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ń wọ̀n mí pẹ̀lú yúnifọ́ọ̀mù, kò sì tíì mọ èyí tó wúwo jù.

Wọ́n gbé ìgò epo sí mi létè.

Abẹ kan irun. Sẹ́rẹ́! Ìdì kan já bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ fi màmá mi sílẹ̀!"

Yorùbá ni! Yorùbá gidi, Yorùbá Lágelú!

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jọ̀ọ́! Ejò kankan ò sán mi! Rọ́bà ló fún mi lẹ́sẹ̀! Ìyá ló ń jẹ́ okáàsán lédè Jàpáànù! Mo subú ni, mo wá ń pe màmá mi! Ẹ tú rọ́bà!"

Gbogbo ojú yí sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Ògúntádé ju abẹ nù. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ó ti ń sọ Yorùbá! Oró ti sọ̀kalẹ̀! Oògùn mi jẹ́!"

Hó ò! Gbogbo wọn hó. Àwọn tó wà nínú yàrá ṣílẹ̀kùn jáde, wọ́n ń jó.

"Oògùn wo?" Ìyá Àdúrà ti mú agogo wọn padà. "Omi àdúrà ni!"

"Omi tí ẹ ò tíì sí ìdérí ẹ̀?"

"Ó gba inú ike sisẹ́!"

"Bàbá," ni Bólú wí, "mo ní ejò ò sán mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó bá yè é máa ń wí," ni Bàbá dá a lóhùn, wọ́n sì fọwọ́ pa á lórí.

Wọ́n ti fi mí sílẹ̀. Mo fi eyín já rọ́bà náà, já, já, já, títí ó fi bọ́. Ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà, ẹsẹ̀ sì ń fà díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ wò ó bó se ń fà!" ni wọ́n ń pariwo. "Bàbá Ògúntádé mọsẹ́ o!"

Mo di ọmọ mi mọ́ra, tepo tepo. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo tún gbá a létí díẹ̀ nítorí ìṣirò tó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Lójú mi ni Kaothar ti súnmọ́ wa.

"O ti pàdánù," ló sọ fún un. "O ti sọ Yorùbá." Bólú bú sẹ́kún. Ojú wá ti Kaothar. "Ó dáa. Nítorí màmá ẹ ni, mo fi jì ẹ́. Sùgbọ́n láti ìsinsìnyí títí ilẹ̀ á fi sú, tó o bá tún sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, àti yúnifọ́ọ̀mù àti sọ́ọ̀ksì mi lo máa fọ̀."

Bólú nu ojú. "Hái," ló wí, ìyẹn ni "bẹ́ẹ̀ ni" tàwọn ará Jàpáànù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olúmidé ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́. Sẹkúríítì ni, kì í sì fẹ́ wàhálà lẹ́yìn ibi iṣẹ́. Ó bá èrò níwájú ilé rẹ̀, ó bá epo lórí ẹní rẹ̀, ó bá Bàbá Ògúntádé lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, wọ́n ń wo àkùkọ rẹ̀.

Kí n má parọ́, Olúmidé fẹ́ràn àkùkọ náà. Àwọ̀ rẹ̀ bí iná, ìrù rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Bí òtútù bá mú, ó máa ń bi í léèrè bó ṣe sùn kó tó bi mí.

"Olúmidé," ni Bàbá wí, "mo wo ọmọ ẹ sàn."

"Ẹ kú isẹ́, Bàbá. Kí ló se é?"

"Ọká."

"Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún mi pé kò sọ́ká. Rọ́bà ni wọ́n ní."

"Ìyàwó ẹ fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìlú."

Olúmidé wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀tọ́ oògùn ọká, àkùkọ kan ni," ni Bàbá wí. "Láti ayé bàbá mi."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́." Olúmidé jókòó. "Epo wa lẹ lò. Abẹ tí mo fi ń fá irùngbọ̀n lẹ mú. Ẹní wa lẹ tẹ́. Irun ìyàwó mi lẹ gé. Kí lẹ̀yin gbé wá?"

"Ìmọ̀."

"Odindi àkùkọ fún ìmọ̀?"

"Ìmọ̀ ọgbọ̀n ọdún, tí n kò tíì rí ibi lò ó!"

Èrò pín sí méjì. Àwọn kan ní kó fún wọn. Àwọn kan ní bó bá máa fún wọn, kó ya itan kan sọ́tọ̀ fún Ìyá Àdúrà. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Àfi ìgbà tí Bàbá Ògúntádé gbé ọwọ́ sókè.

"Kò yẹ ká máa jà. Ẹni tára ẹ̀ dá ló mọ̀. Ẹ pe ọmọ náà. Tó bá ní kí bàbá òun má san nǹkan kan, n óò dìde, n óò máa lọ."

Olúmidé rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ ọmọ ju bàbá rẹ̀ lọ? Bólú tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ àkùkọ yẹn! "Mo gbà. Níwájú gbogbo yín. Ohun tí Bólú bá ti wí, abẹ gé e."

Bólú jáde, ó ń tiro. Kaothar tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó fi ìka kan sí ètè.

"Bólú mi," ni Olúmidé wí, "sọ fún wọn. Sé kí n san àkùkọ yìí ni, àbí kí n má san?"

Bólú wo ojú ọ̀run. Oòrùn ṣì wà lórí igi. Ó wo Kaothar. Kaothar gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ó fi sọ́ọ̀ksì rẹ̀ hàn án.

Ọmọ mi mí kanlẹ̀. Ó dúró ṣánṣán. Ó ká lulẹ̀ láti ìbàdí, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó fẹ́ fi ojú bẹ bàbá rẹ̀ pé kó dákun, kó ní sùúrù kí ilẹ̀ ṣú. Ó wá fi orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù ń pe bàbá wọn bẹ̀rẹ̀. Mo mọ orúkọ náà. Mo fò láti fọwọ́ dí i lẹ́nu.

Mo pẹ́ jù.

"Otóòsán," ló wí, jẹ́jẹ́, tìfẹ́tìfẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀!" Bàbá Ògúntádé ti dìde gan-an-ran. "Ó tó, san!"

Kí Olúmidé tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àkùkọ ti wà lábẹ́ abíyá Bàbá, Bàbá sì ti wọ ọ̀nà. Kùkúrúùkúùù! Kùkúrúùkúùù! Ó ń ké lọ títí wọ́n fi yà ní kọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó dúró gbọ́ irú èdè tóun náà ń sọ.